Ọmọ tó ń ṣẹ́jú léraléra: ohun tó lè fà á, àti ohun tó yẹ kí òbí ṣe

 

Ẹ̀yin òbí wa ní Fìdítì, Ìlọràá, Aáwẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti gbogbo agbègbè Afijió, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti nílé kéú. Ìyá kan á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, á ní: "Àáfà, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń ṣẹ́jú wéréwéré. Mo bá a wí títí, kò gbọ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fi ojú burúkú wò ó?" Bàbá ọmọ á ní àfarawé ni, pé ara ọmọ mìíràn ló ti rí i. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n wá ewé kan, kí wọ́n fún omi rẹ̀ sí i lójú.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè má sí ẹni tó rò ó pé bóyá ojú ń yún ọmọ náà ni, tàbí pé kò ríran dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi kó àlàyé yìí jọ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ kéú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju èyí lọ: ṣíṣẹ́jú léraléra kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á kò le, ó sì ní ìtọ́jú. Díẹ̀ nínú wọn lè gba ojú lọ́wọ́ ọmọ bí a bá fi falẹ̀. Ohun tí òbí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán sí ojú ọmọ sì lè burú ju ohun tó mú ọmọ ṣẹ́jú lọ.

Iṣẹ́ tí ṣíṣẹ́jú ń ṣe

Àwọn baba wa ti kíyè sí i tipẹ́ pé ojú kì í pẹ́ kó tó ṣẹ́. Ara rẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka àkókò, tí a ń pè ní ìṣẹ́jú. Èyí tó kéré sí i, a fi ti ẹranko àáyá júwe rẹ̀, a pè é ní ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbàkúùgbà tí ìpéǹpéjú bá sọ̀kalẹ̀, ó ń nu ẹyinjú, ó ń tan omijé káàkiri kí ojú má bàa gbẹ, ó sì ń lé eruku dànù. Àgbàlagbà máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ìkókó kì í sábà ju ìgbà 2 tàbí 3 lọ. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ó ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, kò sí ìdí fún òbí láti jókòó máa kà á. Ìyípadà ni kí ẹ fura sí: ọmọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀, tàbí ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ gidigidi bí ẹni tí ata ta sí lójú.

Àwọn dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001 lórí ọmọ 99 tí wọ́n gbé wá nítorí ṣíṣẹ́jú léraléra. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọmọ 37 ló jẹ́ pé ara ojú gan-an tàbí ìpéǹpéjú ni nǹkan ti ń ṣe wọ́n. Bí 23 jẹ́ pé ara wọn ló ń ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́. Bí 14 nílò awò. Bí 11 ní ojú tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí 10 jẹ́ ti ìdààmú ọkàn. Àwọn ọmọkùnrin pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ láàárín wọn. Ìlú wọn kì í ṣe ìlú wa o. Eruku àti èéfín tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ, nítorí náà iye yẹn lè yàtọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé kò sí okùnfà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ohun tó wọ ojú, eruku àti èéfín

Èyí ni kí òbí kọ́kọ́ wò. Láti nǹkan bí oṣù 11 tàbí 12 títí di oṣù 2 ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ ní agbègbè wa, eruku á bo ojú ọ̀nà, ojú á sì máa gbẹ. Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti ibi tí wọ́n ti ń fi igi dáná, ọmọ tó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀ á máa gba èéfín sójú láti àárọ̀ dalẹ́. Iyanrìn, ìyàngbò tàbí kòkòrò kékeré lè há sábẹ́ ìpéǹpéjú. Irun ìpéǹpéjú kan náà lè kọjú sínú, kí ó máa ha ẹyinjú. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́, tó ń ṣomi, tó sì bẹ̀rẹ̀ lójijì, nǹkan ló wọ̀ ọ́ tàbí ló ha á.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ra á. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Bí nǹkan náà kò bá jáde, tàbí tó ti gún ẹyinjú, ẹ má fi aṣọ, abẹ́rẹ́ tàbí ahọ́n yọ ọ́. Ilé ìwòsàn ni ibi tó kàn. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà ni, bí omi bátìrì, omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ẹfun ìkùn, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ tó gbé e jáde nílé.

2. Ojú yíyún

Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn ń bá eruku, lẹ́búlẹ́bú òdòdó tàbí irun ẹran ọ̀sìn jà. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sín léraléra, ara lè máa yún wọn, ikọ́ fée sì lè wà ní ìdílé wọn. Ojú méjèèjì ni yóò máa yún, ọmọ á máa ra á, á máa ṣẹ́ ẹ, ìpin funfun tó ń fà bí òwú á sì máa wà níbẹ̀.

Oríṣi kan wà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 10, ó pọ̀ lára ọmọkùnrin, àwọ̀ funfun ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí omi ẹrẹ̀ ta sí lójú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó máa ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá bàlágà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú sọ́nà fún lásán, nítorí rírá tí ọmọ ń ra ojú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba ẹyinjú jẹ́.

Ibí ni ewu kẹ́mísì ti ń wọlé. Oògùn ojú kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kán an lẹ́ẹ̀kan, yíyún á dáwọ́ dúró. Ìyá á dunú, á sì máa rà á lọ láìsí dókítà. Bí oògùn náà bá jẹ́ irú èyí tó ní steroid nínú, bí wọ́n bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀, ó lè mú kí agbára omi inú ojú ga títí tí iṣan ìríran á fi kú díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Ó sì lè fa ojú kíkù bí ti arúgbó. Ojú tí glaucoma bá ti gbà, kò sí oògùn tó ń dá a padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú ló sọ oògùn tí wọ́n máa kán àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró.

3. Àpólò

Gbogbo wa mọ orúkọ yìí. Ọdún 1969 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 lọ sí orí òṣùpá ni àrùn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, tí àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ náà pè é. Ojú á pọ́n, á máa ta, ìpin á lẹ ìpéǹpéjú mọ́ra ní òwúrọ̀, ọmọ á sì máa ṣẹ́jú. Ó ń ràn kíákíá. Ọmọ tó bá ní i kí ó má lo tówẹ̀lì tàbí ìrọ̀rí kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, kí ó máa fi ọṣẹ fọwọ́, kí ó sì sinmi nílé kéú títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí kò tíì pé oṣù kan, yàtọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣọyún, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, nítorí ó lè fọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

4. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Ojú á gbẹ, bó bá sì gbé e sílẹ̀ tán, á wá máa ṣẹ́jú ní àṣepọ̀jù. Ọ̀pọ̀ ìyá ń fi fóònù mú ọmọ dákẹ́ kí wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Síbẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ lo ju wákàtí kan lọ ní ojúmọ́ nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tó bá tún kéré sí i ló dára jù. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá ìyàtọ̀ á wà.

5. Àìtó fítámì A

Èyí kò wọ́pọ̀ mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ọmọ tí kò róúnjẹ jẹ dáadáa, ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru léraléra, àti ọmọ tí àrùn èéyi bá ti mú. Àmì àkọ́kọ́ ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọ á máa kọsẹ̀, á máa táràrà, bẹ́ẹ̀ ó ríran ní ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ojú á gbẹ, ohun funfun bí ìfófò ọṣẹ á jókòó sórí àwọ̀ funfun ojú. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, dúdú ojú á rọ̀, á sì bẹ́.

Ohun ìbànújẹ́ ni bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní Fìdítì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ìlú èso. Máńgòrò tó pọ́n àti ìbẹ́pẹ ní in. Epo pupa ní in dáadáa, bí a kò bá ti yan án títí tó fi funfun. Ẹ̀fọ́, ewédú, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran ní in. Ọsàn dára fún ara, ṣùgbọ́n kò ní fítámì A tó ti máńgòrò. Ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2011 lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí tí IITA ní Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, náà wà fún àwọn àgbẹ̀ wa, gàrí rẹ̀ sì ń fún ọmọ ní fítámì yìí. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ pàdánù ẹ̀kán fítámì A tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní oṣù 9 àti oṣù 15.

6. Àìríran dáadáa àti ojú tó ń yà

Ọmọ tí kò rí iwájú kedere lè máa ṣẹ́jú, kó máa fún ojú pọ̀, kí ohun tó ń wò lè mọ́ díẹ̀. Ní ilé kéú, ẹ ó rí i tó gbé wàláà sún mọ́ imú, tàbí tó fi gbogbo ìgbà fò ìlà. Nílé, á lọ jókòó sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Orí lè máa fọ́ ọ lẹ́yìn ìwé kíkà. Ọmọ náà kò ní sọ fún yín, nítorí ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Awò tó bá ojú rẹ̀ mu lè parí gbogbo rẹ̀.

Ti ojú tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ náà wà. Bí ọmọ bá jáde sínú oòrùn, á pa ojú kan dé. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ojú kan á máa ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń pe èyí ní ẹwà, àwọn mìíràn ní á lọ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú kan kò bá bá èkejì ṣiṣẹ́ pọ̀, ọpọlọ á dẹ́kun láti máa lo èyí tó yà, ojú náà á sì di aláìlágbára. Ìgbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún 7 tàbí 8 ni ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù.

7. Ara tó ń ṣe é fúnra rẹ̀

Ọmọ wà tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó ń ríran kedere, síbẹ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́ wéréwéré ní ìgbà kan, tí kì í ṣe é ní ìgbà mìíràn. Àwọn dókítà ń pe èyí ní tic. Láti nǹkan bí ọdún 4 sí 6 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn, bí ẹni tó ń pa sísín mọ́ra, ṣùgbọ́n á tún padà. Bó bá ń bẹ̀rù, tó rẹ̀ ẹ́, tàbí tí inú rẹ̀ ń dùn jù, á pọ̀ sí i. Bó bá sùn, kì í sábà sí mọ́.

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ kí ọdún tó yí po. Oògùn tó dára jù ni kí ẹ má kà á sí. Ẹ má ka iye rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má na ọmọ nítorí rẹ̀, nítorí gbogbo ìwọ̀nyí ló ń mú un le sí i. Bó bá pé ju ọdún kan lọ, tí ọmọ tún ń mi orí, ń gbé èjìká, tó sì ń hún tàbí ń ṣe háà-háà lọ́fun láìdá, ẹ mú un lọ bá dókítà. Dókítà ará Faransé kan, Georges Gilles de la Tourette, ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀ láti 1885, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àrùn náà.

Ìdààmú ọkàn náà ń fa ṣíṣẹ́jú. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé tuntun, tí wọ́n bí àbúrò lé e, tí ìyá àti bàbá ń jà, tàbí tí olùkọ́ kan ń dẹ́rù bà á, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó wá ohun mìíràn.

8. Wárápá tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ kéú, ẹ fi ọkàn bá wa lọ níbí. Ọmọ kan ń ké Àlùkùráánì lọ, ó dákẹ́ lójijì ní àárín aaya. Ojú rẹ̀ dúró sí ọ̀kánkán, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ pè é, kò dáhùn. Kí ẹ tó kà dé 10 tàbí 20, ó ti tún ń ké lọ, kò sì mọ̀ pé òun dákẹ́. Olùkọ́ á ní ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, á fa pàṣán yọ.

Ó lè jẹ́ pé irú wárápá kan ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 4 sí 10, ó sì lè ṣe ọmọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ìṣáájú ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú lásán ń gbọ́ yín, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ti wárápá yìí kò sí lọ́dọ̀ yín fún ìgbà díẹ̀ náà. Àrùn ọpọlọ ni. Kò ràn, itọ́ rẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wò, oògùn oníhóró sì ń dá a dúró lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà.

9. Ojú ńlá tí kì í ṣe ẹwà

Ọmọ ìkókó tó ń ṣẹ́jú, tó ń fi ojú pamọ́ fún ìmọ́lẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀ láìsọkún, tí dúdú ojú rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: àwọn àlejò á máa ní, "Máṣáà Allah, ojú ọmọ yìí mà lẹ́wà o!" Ó lè jẹ́ glaucoma tí wọ́n bí mọ́ ọn. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ojú tó máa kù á ṣe pọ̀ tó. Bákan náà, bí ẹ bá fi fóònù ya ọmọ ní fọ́tò, tí àárín dúdú ojú kan ń tàn funfun bí ti ológbò, ẹ má fi í pamọ́. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, èyí tó ń pa ọmọ bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.

Tìróò, ìtọ̀ àti omi ewé

Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n bá òjé nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n ti ń wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé sí i lójú. Wọ́n gbé tìróò náà lọ sí ilé àyẹ̀wò: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012. Òjé kì í dúró lójú. Ọpọlọ ni ó ń lọ bà jẹ́, ọmọ kò sì ní pariwo. Àwa ará Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Àwọn kan á ní, "Àáfà, ṣebí súnnà ni?" Òótọ́ ni pé hàdíìsì wà nínú ìwé Abu Dawud àti Tirmidhi nípa òkúta ithmid. Ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí ni òkúta yẹn? Ẹ̀sìn wa kò sì gbà wá láyè láti fi nǹkan pa ara wa tàbí ọmọ wa lára. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ali ibn Isa, dókítà ojú ní Baghdad, kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Tadhkirat al-Kahhalin lórí ìtọ́jú ojú. Al-Kahhal ni wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀, ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú kuhl, ìyẹn tìróò. Àwọn ará ìgbà náà mọ̀ pé ẹni tó máa fi nǹkan sójú èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ojú.

Ìtọ̀ ọmọ, omi ṣúgà, ọmú ìyá, omi ewé, epo ìlẹ̀ẹ̀dẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí kò yẹ lójú. Kòkòrò ń bẹ nínú wọn, òmíràn sì ń jó ẹyinjú. Ohun tí ọmọ fi ń ṣẹ́jú lè jẹ́ eruku lásán. Ohun tí a kán sí i ló máa wá sọ ọ́ di egbò.

Àdúà ńkọ́?

A kò sọ pé ojú burúkú kò sí. Ànábì wa fi kọ́ wa pé ó wà, ó sì fi àdúà tí a ó fi wá ààbò kọ́ wa. Ṣùgbọ́n òun náà ló pa á láṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Kò sọ pé kí á mú ọ̀kan kí á fi ìkejì sílẹ̀.

Àwa tí à ń jẹ́ àáfà gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ tiwa. Bí wọ́n bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣe àdúà, tó ń fún wọn ní hàǹtú, tí kì í sì í dárúkọ ilé ìwòsàn. Ìyá náà á lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, oṣù mẹ́ta á kọjá. Àsìkò tó yẹ kí wọ́n fi gba ojú ọmọ là ti lọ, ọrùn wa sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Láti òní lọ, bí a bá ti ṣe àdúà tán, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmín jẹ́: "Ẹ mú un lọ fún dókítà lọ́la."

Ohun tí òbí máa ṣe

Kí ẹ tó lọ, ẹ kíyè sí nǹkan márùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin:

- Ṣé ojú kan ni, tàbí méjèèjì?
- Ìgbà wo ló ń pọ̀ jù: nínú oòrùn, nídìí fóònù, nígbà ìwé, tàbí nígbà tí wọ́n bá bá a wí?
- Ṣé ojú ń yún un, ń ta á, ń pọ́n, tàbí ń ṣomi?
- Ṣé ó ń gbọ́ yín ní àkókò tó ń ṣe é?
- Kí ni ẹ ti fi sí i lójú? Ẹ má fi èyí pamọ́ fún dókítà.

Ẹ fi fóònù yín ya fídíò rẹ̀ láìjẹ́ kí ọmọ mọ̀. Nǹkan tí ọmọ ń ṣe nílé, ó lè má ṣe é níwájú dókítà.

Bí ojú kò bá pọ́n, tí kò ta á, tó sì ń ríran, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta wò ó, kí ẹ jìnnà sí èéfín àti fóònù. Bí kò bá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín. Wọn á darí yín sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, tàbí sí UCH ní Ìbàdàn, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, tó sì ní ẹ̀ka ojú àti ẹ̀ka àwọn ọmọdé.

Ẹ má dúró rárá bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ojú tó ń dun ọmọ gan-an, ojú tó pọ́n tí kò lè ṣí i sí ìmọ́lẹ̀, dúdú ojú tó kù tàbí tó ní àpá funfun, àárín ojú tó ń tàn funfun, ojú ìkókó tó ń tóbi, ọmọ tí kò ríran ní àṣálẹ́, ọmọ tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà, ọmọ tó ń dákẹ́ lójijì tí kò gbọ́ yín, ojú tí nǹkan gún tàbí tí kẹ́míkà dà sí, àti ṣíṣẹ́jú tó bá orí fífọ́ pẹ̀lú èébì wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní ilé kéú àti ilé ìwé gbogbo, ẹ̀yin lẹ máa ń rí ọmọ ju òbí lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń ṣẹ́jú níwájú yín, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Àmáànà ni àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ gbogbo wa, a ó sì jíhìn lórí wọn.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá ojú àwọn ọmọ wa sí, kí ó jẹ́ kí wọ́n fi ka Àlùkùráánì dọjọ́ ogbó wọn. Àmín.